Mo san ₦8,000 fún bébà lásán: ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ fún awakọ̀ tuntun ní Sàngó-Ọ̀tà

Oṣù Kẹta ọdún tó kọjá ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin da owó pọ̀, tí a fi ra Corolla tòkunbọ̀ kan ní ₦4 mílíọ̀nù. Láísẹ́ǹsì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. Ó wá ku ìwé ọkọ̀. Wọ́n júwe ọkùnrin kan fún mi ní Sàngó tó máa ń bá èèyàn ṣe pátíkúlà, mo sì lọ bá a.

"Bọ̀dá, ìnṣọ́ránsì ńkọ́?"

"Gbé ₦8,000 wá. Tó o bá lọ fúnra ẹ, ₦15,000 ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ. Èmi mọ ọ̀nà."

Mo san án. Lójú tèmi, mo ti jèrè ₦7,000. Bébà náà rẹwà gan-an: ó ní àmì, ó ní nọ́ńbà, ó ní òǹtẹ̀.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, lábẹ́ bíríjì Sàngó, tírélà kan ṣàdédé yà sójú ọ̀nà. Sienna tó wà níwájú mi tẹ bíréèkì. Èmi náà tẹ tèmi, àmọ́ ó ti pẹ́ jù. Gbàù! Iná ẹ̀yìn Sienna náà fọ́, ìlẹ̀kùn búùtù rẹ̀ sì wọnú. Ìyá kan ló ni ọkọ̀ náà, ó kó páálí ọṣẹ kún inú rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ lójú títì. Ìyá náà ò tiẹ̀ pariwo.

"Dìde, ọmọ mi. Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́? Ṣé o ní ìnṣọ́ránsì?"

"Mo ní, mà."

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó jókòó síwájú ọkọ̀ gba bébà náà lọ́wọ́ mi. Ó wò ó, ó gbé fóònù, ó tẹ *565*11#, ó fi nọ́ńbà ọkọ̀ mi sí i. Ló bá ní kí n wá wo ojú fóònù. Wọn ò mọ ọkọ̀ mi rí níbẹ̀. ₦180,000 ni àtúnṣe ọkọ̀ ìyá yẹn gbà, àpò mi ni gbogbo ẹ̀ ti jáde, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì pín in san. Kí n tó wá tún tèmi ṣe o.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń ka nǹkan nípa ìnṣọ́ránsì bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Ìmọ̀ físíìsì ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, mi ò mọ̀ pé ìṣirò tó dùn tó báyìí wà nídìí bébà tí gbogbo wa ń rà torí ẹ̀rù ọlọ́pàá nìkan.

Ojúlówó third party kì í dínwó

Ìbéèrè tí gbogbo awakọ̀ tuntun máa ń bèèrè ni pé, "Níbo ni mo ti lè rí èyí tí kò wọ́n?" Ní ìlú bíi Gẹ̀ẹ́sì, ìbéèrè gidi nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, wọ́n á sì bèèrè ọjọ́ orí yín, àdúgbò yín, irú ọkọ̀ yín àti ọdún tí ẹ ti ń wakọ̀. Ọmọ ọdún 17 lè gbọ́ iye tó ju owó tó fi ra ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ adójútòfò, ìyẹn NAICOM, ló dá iye third party sílẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2023, ₦15,000 lọ́dún ni fún ọkọ̀ aládàáni. ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. Márúwá jẹ́ ₦5,000, ọ̀kadà jẹ́ ₦3,000, àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tó ń ná títì wa yìí sì jẹ́ ₦100,000. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè bóyá ọmọ ogún ọdún ni yín tàbí ọmọ ọgọ́ta.

Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun máa ṣe third party ọkọ̀ aládàáni fún yín ní ₦8,000 tàbí ₦5,000, kì í ṣe pé ó rí ẹ̀dínwó fún yín. Bébà lásán ló fẹ́ tà fún yín. Ká ní mo mọ gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ni, ìyà yẹn ì bá má jẹ mí.

Kí wá ni ₦15,000 yẹn ń ṣe? Tí ẹ bá fi ọkọ̀ yín ṣe ẹlòmíràn léṣe, tàbí tí ẹ pa á, ilé-iṣẹ́ adójútòfò ló máa dúró fún ohun tó bá tọ́ sí ẹni náà. Tó bá jẹ́ pé ohun ìní ẹlòmíràn lẹ bà jẹ́, bíi ọkọ̀, ògiri tàbí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á san án títí dé ₦3 mílíọ̀nù. Ọkọ̀ tiyín kò sí nínú ẹ̀ o. Ẹ̀yin ni ẹni kìíní, ilé-iṣẹ́ ni ẹnì kejì, ẹni tí ẹ kọlù ni ẹnì kẹta tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń bínú lásán: wọ́n kọlu ògiri, bọ́m̀pà wọn já, wọ́n lọ bá ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ní ògiri nìkan làwọn máa tún ṣe.

Báwo ni ₦15,000 ṣe ń di ₦3 mílíọ̀nù?

Ẹ jẹ́ ká lo àpẹẹrẹ, èmi ni mo fọwọ́ ara mi yan àwọn nọ́ńbà rẹ̀. Ká sọ pé nínú ọkọ̀ 100, méjì ló máa ń kọlu nǹkan ẹlòmíràn lọ́dún, tí àtúnṣe kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ₦500,000.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mẹ́wàá ládùúgbò wá sọ pé ẹ ò nílò ilé-iṣẹ́ kankan, ẹ óò máa dá a láàárín ara yín bí èsúsú. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀, ẹ óò máa rẹ́rìn-ín. Ní ọdún tí ẹnì kan bá kọlu nǹkan, ₦50,000 ló máa kan ẹnì kọ̀ọ̀kan yín lójijì. Tí méjì bá ṣẹlẹ̀ lọ́dún kan náà, ₦100,000. Ẹgbẹ́ máa túká lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ wá jẹ́ kí ọkọ̀ di 1,000. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí a ń retí jẹ́ 20. Kì í ṣe pé á jẹ́ 20 géérégé, ìṣirò fi hàn pé á máa fi bíi mẹ́rin lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún. Tí ọkọ̀ bá di 100,000, à ń retí 2,000, àmọ́ ìyàtọ̀ láti ọdún dé ọdún máa jẹ́ bíi 44 péré, ìyẹn nǹkan bí ìdá 2 nínú 100. Ṣé ẹ rí i? Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá èmi ni mo máa kọlu Sienna lọ́la. Ṣùgbọ́n iye àwọn tó máa kọlu nǹkan lára ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, ó ṣeé mọ̀ ṣáájú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀. Jacob Bernoulli, ará Switzerland kan, ló kọ́kọ́ fi ìṣirò gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1713 lẹ́yìn tó ti kú. Orí òfin rẹ̀ ni gbogbo ilé-iṣẹ́ adójútòfò lágbàáyé dúró lé.

Nínú àpẹẹrẹ mi yìí, ìṣẹ̀lẹ̀ 2,000 ní ₦500,000 jẹ́ ₦1 bílíọ̀nù. Ẹ pín in fún 100,000 èèyàn, ₦10,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. ₦5,000 tó kù ni owó òṣìṣẹ́, owó ọ́fíìsì, èrè, àti ìpamọ́ fún ọdún burúkú.

Àwọn kan á ní, "Mo ti ń san án láti ọdún márùn-ún, wọn ò fún mi ní nǹkan kan rí." Bẹ́ẹ̀ ni, torí pé kì í ṣe àjọ. Nínú àjọ, ohun tí ẹ dá ni ẹ máa kó. Èyí jọ ohun tí ẹgbẹ́ máa ń ṣe tí ìṣòro bá dé bá ọmọ ẹgbẹ́: gbogbo ẹgbẹ́ á dá owó, ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ á kó o. Ẹ ò ní gbàdúrà pé kí ó kàn yín kí ẹ lè kó tiyín.

Kí ló dé tí wọ́n fi sọ ọ́ di dandan? Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ ló la èyí yé mi. Ní 1970, George Akerlof, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan lórí ọjà ọkọ̀ àlòkù: ẹni tó ń tà mọ àìsàn ọkọ̀, ẹni tó ń rà kò mọ̀, torí náà ẹni tó ń rà á máa fojú ọkọ̀ burúkú wo gbogbo ọkọ̀. Iye á já wálẹ̀, àwọn tó ní ọkọ̀ dáadáa ò ní tà mọ́, ọjà á wá kún fún pákó. Ẹ̀bùn Nobel ni wọ́n fún un ní 2001, òun àti àwọn méjì míì. Ẹni tó bá lọ sí Bẹ̀rẹ́gà rí mọ̀ pé òótọ́ ni ọkùnrin yìí sọ. Nínú ìnṣọ́ránsì, ńṣe ni nǹkan yí padà: ẹ̀yin tó ń rà lẹ mọ bí ẹ ṣe ń wakọ̀. Tí kò bá jẹ́ dandan, àwọn asáré nìkan ló máa wá rà á, owó á gòkè, àwọn tó rọra ń wakọ̀ á sá lọ, owó á tún gòkè. Òfin ló ń kó gbogbo wa pọ̀ sínú agbo kan. Gbogbo bébà èké tí wọ́n sì ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ńṣe ló ń yọ ẹnì kan kúrò nínú agbo yẹn láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀.

Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ní 1945, ni òfin third party ti wà nílẹ̀ wa. Òfin adójútòfò ti 2003 fi ìtanràn ₦250,000 tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì, sí i. Ní oṣù Kẹjọ 2025 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin tuntun tó rọ́pò rẹ̀, dandan náà ṣì ni. Ọlọ́pàá sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò káàkiri orílẹ̀-èdè láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejì 2025. Lójú tèmi ṣá, ọlọ́pàá kọ́ ló yẹ ká bẹ̀rù, ìyá Sienna ni.

Comprehensive ńkọ́?

Ibí ni ọ̀rọ̀ owó ti wá le. Comprehensive máa ń tún ọkọ̀ tiyín náà ṣe, ó ń san owó ọkọ̀ tí wọ́n jí tàbí tó jóná, third party sì wà nínú rẹ̀. NAICOM ní kò gbọ́dọ̀ dín sí ìdá 5 nínú 100 iye ọkọ̀, lẹ́yìn gbogbo ẹ̀dínwó. Fún Corolla wa tó jẹ́ ₦4 mílíọ̀nù, ₦200,000 lọ́dún nìyẹn, ó kéré tán.

Mo tún fi ìṣirò wò ó. Ká ní ìdá 2 nínú 100 ni ìṣeéṣe pé kí ọkọ̀ mi ṣègbé pátápátá láàárín ọdún kan. Ìdá 2 nínú 100 ti ₦4 mílíọ̀nù jẹ́ ₦80,000. Ẹ fi ₦50,000 kún un fún ìfarapa kéékèèké, ó di ₦130,000, kò sì tó ₦200,000 tí mo fẹ́ san. Tí ẹ bá fi àròpín wò ó, ẹni tó ń ra comprehensive ń pàdánù. Kò sí bí kò ṣe ní rí bẹ́ẹ̀, àbí báwo ni ilé-iṣẹ́ á ṣe san owó òṣìṣẹ́?

Ṣùgbọ́n àròpín kọ́ là ń jẹ. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ bá lọ, tó lè ra òmíràn láàárín oṣù mẹ́ta, kò fi bẹ́ẹ̀ nílò comprehensive. Ẹni tó yá owó ra ọkọ̀, tó jẹ́ pé ọkọ̀ yẹn ló fi ń ná owó oúnjẹ, tí ọkọ̀ bá ṣègbé, gbèsè á kù nílẹ̀, owó tó fẹ́ fi san án á sì ti lọ. Ẹni yẹn gbọ́dọ̀ rà á, kódà tí àròpín bá ní kò pé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ gbèsè lórí tiwa. Ohun tí a ṣe ni pé a ra ojúlówó third party, a sì ń fi ₦10,000 pamọ́ lóṣooṣù sínú àkáǹtì kan tí káàdì kò sí fún. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tún ní èyí tó wà láàárín: third party tí wọ́n fi iná àti olè kún. Ẹ bèèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó pinnu.

Tí ẹ bá fẹ́ ra comprehensive, ẹ má fi ìbéèrè mọ sí "èló ni?" Ẹ bèèrè iye tí ẹ̀yin fúnra yín máa kọ́kọ́ gbé kí ilé-iṣẹ́ tó gbé ìyókù, àti bóyá iye yẹn ń pọ̀ sí i fún awakọ̀ tí kò tíì tó ọdún 25 tàbí tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ ṣì tuntun. Ibí yìí ni ọjọ́ orí ti lè wọlé ní Nàìjíríà, ó sì lè fara pa mọ́ sínú ìwé. Owó ọdún lè kéré, kí wọ́n sì ní kí ẹ kọ́kọ́ gbé ₦150,000 nínú gbogbo àtúnṣe. Ẹ má sì purọ́ iye ọkọ̀ yín torí kí owó lè wálẹ̀: tí ẹ bá kọ ₦2 mílíọ̀nù sílẹ̀ fún ọkọ̀ ₦4 mílíọ̀nù, lọ́jọ́ tí wọ́n bá jí i, wọn ò ní san kọjá ₦2 mílíọ̀nù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ ṣe Bolt lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ìwé ọkọ̀ aládàáni kò bo iṣẹ́ akérò. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń fi ọkọ̀ ṣe gan-an fún ilé-iṣẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì gbá ọkọ̀ yín mú "lọ ra búrẹ́dì". Ìwé yín lè má dúró fún un lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba títì Ìdí-Ìrókò lọ sí Bẹ̀nẹ̀ náà ńkọ́? Third party yín parí sí bọ́dà. Ohun tó ń bá yín sọdá ni káàdì ECOWAS aláwọ̀ búráùn, tí àwọn orílẹ̀-èdè ẹkùn yìí fọwọ́ sí ní Kùtọnu ní oṣù Karùn-ún 1982. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín lẹ ti máa gbà á kí ẹ tó gbéra.

Bí ẹ ṣe máa mọ ojúlówó

Ẹ rà á ní ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, kí owó sì lọ sínú àkáǹtì ilé-iṣẹ́, kì í ṣe àkáǹtì "Bọ̀dá". Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ tẹ *565*11# tàbí kí ẹ lọ sí askniid.org, kí ẹ fi nọ́ńbà ọkọ̀ yín sí i. Àkójọ orúkọ tí ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ń tọ́jú nìyẹn. Tí ẹ ò bá rí ọkọ̀ yín níbẹ̀, ẹ ò tíì ní nǹkan kan. Òfin wa sì ní tí owó kò bá tíì wọlé, ìbòjú kò sí. "Màá san ìyókù lọ́jọ́ Jímọ̀" kò ṣiṣẹ́ nínú ìnṣọ́ránsì.

Tí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ ya fọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó sún ọkọ̀, ẹ gba nọ́ńbà ara yín, ẹ pe ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má ṣèlérí owó lójú títì kí ilé-iṣẹ́ tó gbọ́.

Ohun tí kò sẹ́ni tó lè tà fún wa

Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe àwọn òyìnbó tí wọ́n ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ ọ̀dọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ìjàǹbá ọkọ̀ ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ láyé. Apá iwájú ọpọlọ, tó ń sọ fún wa pé "fara balẹ̀", kì í gbó tán títí ẹ̀dá fi máa tó bíi ọdún 25. Ìwádìí ní Amẹ́ríkà sì fi hàn pé tí ọ̀dọ́ bá gbé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ewu ń pọ̀ sí i. Mi ò ní láti ka ìwé kí n tó mọ ìyẹn.

Físíìsì náà ò gba ẹ̀bẹ̀. Agbára tó wà lára ọkọ̀ tó ń sáré ń tẹ̀ lé eré náà ní ìlọ́po ara rẹ̀. Láti 60 sí 80 kìlómítà ní wákàtí kan, eré fi ìdá kan nínú mẹ́ta pọ̀ sí i, àmọ́ agbára ìkọlù di ìlọ́po 1.78. Kí ojú tó rí i, kí ẹsẹ̀ tó kan bíréèkì, ó lè gba ìṣẹ́jú àáyá kan àti ààbọ̀. Ní 60, ọkọ̀ á ti fi bíi mítà 25 rìn kí bíréèkì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á sì dúró lẹ́yìn bíi mítà 45 lórí ọ̀dà gbígbẹ. Ní 80, bíi mítà 69. Ẹ wá ronú títì Lagos sí Abẹ́òkúta lásìkò òjò, tí ihò kún fún omi, tí tírélà sì wà níwájú.

Èmi o, mi ò tiẹ̀ sáré lọ́jọ́ yẹn, gò-síló ni. Ńṣe ni mo sún mọ́ Sienna yẹn jù. Ní báyìí, mo máa ń ka "ẹ̀ẹ́kan, ẹ̀ẹ́jì, ẹ̀ẹ́ta" láàárín èmi àti ọkọ̀ iwájú tí ọ̀nà bá là. Àwọn dánfó máa ń já wọ àyè yẹn, wọ́n á tún bú mi mọ́ ọn. Mo tún ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá ọlọ́ṣẹ náà ti di oníbàárà wa, ọwọ́ rẹ̀ ni màámi ti ń ra ọṣẹ nísinsìnyí. Ìgbà tí mo lọ san owó ìkẹta, ó gba fóònù ọmọ rẹ̀, ó ní kí n tẹ *565*11# lójú òun. Orúkọ ọkọ̀ mi jáde, àti ọjọ́ tí ìwé máa parí. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Lọ máa rọra wakọ̀."